Bébà Tí Kò Tíì Ṣínu

Èmi kò kàwé jìnnà. Kíláàsì kẹrin ni mo ti yà kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, nítorí ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kò lè ránṣọ. Téèpù tí mo ń fi sọ́rùn kọ́ mi ju tíṣà lọ. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé nọ́ńbà yí padà lára ọ̀rá oògùn ọkọ mi, ẹ má rò pé ojú arúgbó ni. Mo rí i. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé mo rí i, mo sì dákẹ́.

Ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ní àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ka owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn kékeré tí kò jìnnà sí wa ní àdúgbò Basin ló rí ìdí rẹ̀, tó sì fún un ní oògùn: hóró kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kan lálẹ́. Oògùn náà kò wo àrùn náà sàn, wọ́n ti sọ fún wa pé kì í lọ. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí Bàbá di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń jẹ́ kó rìn dé ẹnu géètì, kó dúró níbẹ̀, kó máa bú àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà wa. Mo fẹ́ràn ìbú náà. Bí mo bá gbọ́ ọ láti ìdí màṣíìnì mi, mo mọ̀ pé àlàáfíà wà.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tí àbígbẹ̀yìn mi bí, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà ló kọ́ ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà náà ló sì ń fi ṣiṣẹ́ jẹun, nínú pálọ̀ mi. Nígbà tí mo kó ṣọ́ọ̀bù mi kúrò ní Táíwò Road wá sílé, mo rò pé gbogbo tábìlì ìgéṣọ yóò jẹ́ tèmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ni tèmi, ìdajì ni tirẹ̀. Èmi ń gé aṣọ, òun ń tẹ bọ́tìnnì. Òun ló ṣe ètò tí ilé ìwòsàn Bàbá ń lò. Dókítà á sọ orúkọ oògùn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì tẹ ìwé pélébé kan jáde tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá oògùn. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára rẹ̀: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́. Ti Bàbá ni 1-1-1. Kò sí ẹni tí mi ò fi han, títí kan obìnrin tó ń ta ata fún mi.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì kù díẹ̀, dókítà ránṣẹ́ pe ọmọ ọmọ mi. Ìlọrin nìyí. Bí ààwẹ̀ bá wọlé, àsìkò oúnjẹ gbogbo ìlú á yí padà, títí kan ti àwa tí a kì í gbà á. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kò lè gbé oògùn mì lọ́sàn-án. Dókítà ní kó fi nǹkan kan kún ètò náà: ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kí hóró àárọ̀ rẹ̀ bọ́ sí sààrì, kí ti ọ̀sán lọ dara pọ̀ mọ́ ti alẹ́, kó gbé méjèèjì mì lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí kò bá gbààwẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ọmọbìnrin yìí jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì ó nà, ó yán.

"Màmá, mo ti parí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa náà ti mọ ààwẹ̀."

"Ó dáa. Kó má ṣáà wá gbààwẹ̀ iná lọ́wọ́ wa."

A rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, èmi ni mo lọ gba oògùn Bàbá. Mo gba ọ̀rá náà, mo wò ó, mo sì rí 1-0-2. Mo pe ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn.

"Ọmọ mi, ṣé ti Bàbá nìyí?"

"Tiwọn ni, Màmá. Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde nìyẹn. Ṣebí ọmọ yín ló ṣe é?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wò mí. Ìgbéraga mú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi ni. Mo rò pé dókítà ló yí i. Mo fi ọ̀rá náà sínú báàgì, mo sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ń fún un ní hóró méjì lálẹ́. Mo ń dúró tì í títí á fi gbé e mì.

Ọ̀sán ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Bàbá á jẹun ní agogo méjì. Tó bá ti ń di agogo mẹ́rin, á le gbagidi bí igi. Ní ọjọ́ kan, mo wọ pálọ̀, mo bá a tó gbé kọ́ọ̀pù omi dé agbede-méjì àyà, kò sì lè gbé e dé ẹnu, kò lè gbé e padà. Mi ò mọ bó ti ṣe pẹ́ tó nípò yẹn. Ojú rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Mo gba kọ́ọ̀pù náà, mo fi ọwọ́ mi tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu géètì dákẹ́. Àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ń da tiwọn láìsí ẹni tó bú wọn.

Alẹ́ wá burú ju ọ̀sán lọ. Tó bá ti gbé hóró méjì náà mì, ara rẹ̀ á tú, á tú jù. Orí rẹ̀ á máa mì, èjìká á máa yí, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí ènìyàn.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìṣínu tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa. Bàbá tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fún un lága, kò yẹ kó dúró."

"Ta ni, Bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti wà níbẹ̀ yẹn tipẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Mo bojú wẹ̀yìn, kọ́tìnnì ni mo rí, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sá fún nǹkan. Mo dìde, mo gbé àga kan síbẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti mú ẹnì kan sí i wá, wọ́n kò sì sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo òun ni.

Mo pe dókítà lórí fóònù. Ó ti rìnrìn àjò lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní àìsàn náà ló ń tẹ̀ síwájú, òun á wò ó tí òun bá dé. "Màmá, ẹ ṣáà máa fún wọn lóògùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́." Mo ní ó dáa. Mo sì ń fún un bó ṣe wà lára bébà.

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, wá láti Òṣogbo ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé Ìtúnu Ààwẹ̀. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ bó ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú káàbọ̀. Ó jáde sí kọ̀rídọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, wọ́n ti ń pè wọ́n."

"Ta ló ń pè wọ́n?"

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Mo ti bá àwọn ìjọ wa sọ̀rọ̀. Òkè àdúrà kan wà, ọjọ́ méje ni. Sátidé ni màá wá gbé wọn."

Ọmọ ọmọ mi yọjú láti ìdí kọ̀ǹpútà. "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ dé."

"Dókítà wo? Èyí tó ń fún wọn lóògùn tí wọ́n fi ń rí òkú?"

"Oògùn yẹn ńkọ́," mo bi í, "tí wọ́n bá dé orí òkè?"

"Wọn kì í gbé oògùn gòkè, Màmá. Ìgbàgbọ́ ni. Aṣọ funfun nìkan ni. Ẹ bá mi rán an, ẹ jẹ́ kó tó wọn délẹ̀."

Èmi náà gba Ọlọ́run gbọ́. Mo ti gun òkè àdúrà rí, fún ọmọ mi yìí gan-an, nígbà tó fẹ́ kú ní kékeré. Ṣùgbọ́n mo mọ ara ọkọ mi. Ẹni tí kò lè gbé kọ́ọ̀pù omi dé ẹnu ní agogo mẹ́rin, tí wọ́n bá fi ọjọ́ méje gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì lórí àpáta, inú aṣọ funfun yẹn náà ni wọn á fi gbé e sọ̀kalẹ̀. Mi ò sọ ọ́ jáde. Àkọ́bí ni, ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ẹ̀rù ló sì ń bà á. Mo ra yáàdì márùn-ún.

Ọjọ́ Àtàláátà ni Alhájà wá. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni a ti mọra, nítorí òun náà ní àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n, oògùn kan náà ni òun àti Bàbá ń lò. Ó máa ń ní, "Tí èmi àti Bàbá bá bọra lọ́wọ́, ta ló máa mọ ẹni tó ń mi ẹnì kejì?" Dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀, ó ní òun kò bẹ dókítà pé kó bá òun dáhùn lọ́run, ó sì gbààwẹ̀ náà pé. Ó gbé wàrà díndín wá fún wa nínú kúlà.

"Màmá aránṣọ, ẹ wá wo nǹkan." Ó yọ ọ̀rá oògùn kan láti inú báàgì rẹ̀. "Ẹ bá mi kà á, ojú mi ò ríran tó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á láàárọ̀ yìí."

Mo kà á. 1-0-2.

"Mo rò bẹ́ẹ̀! A ti túnu, a ti kírun Yídì, a ti jẹ ìrẹsì Sálà tán, ikùn ti ń run wá. Wàláhì, bébà yìí kò tíì ṣínu!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ìsàlẹ̀ ikùn mi tó fi dúró. Mo dìde, mo lọ sí yàrá, mo mú ọ̀rá Bàbá wá. Mo fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Bákan náà ni wọ́n rí.

Alhájà wò ó, ó wò mí. "Bàbá ti ń gbààwẹ̀ ni?"

"Bàbá kò gbààwẹ̀ Ràmàdáánì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

"Súbúhánálláhì," ni Alhájà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ta ló wá ń gbà á fún un?"

Kí Alhájà tó lọ, mo pe ọmọ ọmọ mi. Mo fi ọ̀rá méjèèjì hàn án. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó mi orí.

"Dókítà ló máa yí ti Bàbá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣèèṣì, Màmá. Ohun tí a bá ní kó ṣe ló ń ṣe."

"Kí lo ní kó ṣe?"

"Mo ní kó bèèrè: ṣé ẹni yìí ń gbààwẹ̀? Tó bá ń gbà á, kó yí ti ọ̀sán sí alẹ́. Tí kò bá gbà á, kó fò ó. Ẹ wò ó." Ó tan ètò náà ní ọ̀tun, ó tẹ orúkọ Bàbá. 1-1-1 ló jáde, ketekete. "Ẹ rí i bí?"

Mo rí i. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni aránṣọ fẹ́ sọ fún kọ̀ǹpútà?

Ní ọjọ́ Àlàrùba, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí ìdajì tábìlì tèmi. Èmi kì í gé aṣọ láìsí pátánì. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fi ń ṣe wọ́n, gbogbo ẹni tí mo máa ń rán aṣọ fún ló ní tirẹ̀, ara ìṣó ni mo ń fi wọ́n kọ́. Mo yọ ti Bàbá lórí ìṣó rẹ̀. Èjìká ọkùnrin tó lágbára ló wà lára bébà náà. Ẹni tó jókòó ní yàrá kò ní èjìká yẹn mọ́. Mo ní kí n gé etí bébà náà wọlé díẹ̀, ní ìka méjì. Mo ti la àlùmọ́gàjí.

Ọwọ́ mi dúró.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló dá mi dúró, ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Òfin kan ló ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àlùmọ́gàjí kan pátánì tó wà lórí ìṣó. Bí oníbàárà bá tín-ín-rín, tàbí tí èjìká rẹ̀ kan wọ́lẹ̀, gbé pátánì sórí ìwé ìròyìn, fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀, kí o gé ìwé ìròyìn. Kí o dá pátánì padà. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá mi ń jáde lọ, ó kàn nawọ́ sí ògiri, ó ní, "Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ yẹn, pátánì wà lórí ìṣó kẹta." Ọmọ kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Mo ń kánjú. Mo gé ihò apá pátánì gan-an kó lè bá a mu. Aṣọ náà wọ ọmọ náà rẹ́gí, ìyá rẹ̀ yìn mí. Mo dá pátánì padà sórí ìṣó kẹta. Kò ké, kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó rí bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ilé ìwé kan dé, ogójì yúnífọ́ọ̀mù, a sì fi pátánì náà gé gbogbo rẹ̀. Ogójì ọmọ ni apá wọn kò wọ inú aṣọ. Àwọn tí a rán aṣọ fún ṣáájú ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn nìkan ni tiwọn dára.

Àwọn tó ṣáájú. Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, dìde wá. Rárá, jókòó. Tan nǹkan yẹn bó o ṣe tàn án lánàá."

"Màmá, mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Má tẹ orúkọ Bàbá. Tẹ ti Alhájà kọ́kọ́. Ní ó ń gbààwẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. 1-0-2. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

"Má pa á o. Tẹ ti Bàbá báyìí. Ní kò gbààwẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò wo kọ̀ǹpútà. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe sá kúrò lójú rẹ̀.

"1-0-2," ló wí. Ó tún un tẹ̀. "1-0-2. Màmá, mo ní kó fò wọ́n! Ó sì fò wọ́n!"

"Ó fò wọ́n. Ṣùgbọ́n pátánì tó fi gé tiwọn, wọ́n ti gé e. Fara balẹ̀. Ẹni tó ń yí ọ̀sán sí alẹ́ nínú ètò rẹ, ta ni?"

"Fọ́ńkíṣọ̀nnù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kékeré kan nínú iṣẹ́ ńlá ni. Mo máa ń pè é, màá fún un ní nǹkan tó máa ṣe é lé lórí, á ṣe é tán, á dá mi lóhùn."

"Ọmọ iṣẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tó o pe ọmọ iṣẹ́ yìí fún Alhájà, kí lo gbé lé e lọ́wọ́?"

"Ìlà oògùn náà. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan tó sọ ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń lo oògùn yẹn, ìlà yẹn náà ni..."

"Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ lo fún un, àbí òun gan-an?"

"Òun gan-an ni." Ó wá ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń jẹ́wọ́. Ó ní nínú èdè kọ̀ǹpútà tí òun fi kọ ọ́, tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo lo gbé fún ọmọ iṣẹ́, ẹ̀dà ló máa gbà; ohun tó bá fi ṣe kò kan tìrẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àkójọ, nǹkan tó ní nọ́ńbà púpọ̀ nínú, èdè náà kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí pé àkójọ lè tóbi, ẹ̀dà á sì máa jẹ àyè, á máa jẹ àsìkò. Ibi tí àkójọ náà wà ló máa fi han ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á lọ bá a níbẹ̀. Ohun tó bá yí padà níbẹ̀, ó ti yí padà fún gbogbo ẹni tó tún máa wá síbẹ̀.

"Ó nawọ́ sí ògiri," mo ní. "Ó ní, ó wà lórí ìṣó kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó sì mú àlùmọ́gàjí lọ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí tàná fi jáde dáadáa. Ó ní nítorí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni, kò sí ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó tíì wọlé ṣáájú Bàbá. Ti ilé ìwòsàn kì í kú, ó ní bátìrì, ó sì ń tọ́jú ohun tó bá yí padà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀, láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ tó ń gbààwẹ̀ ti gba oògùn yẹn, gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé 1-0-2 lọ sílé. Sálà kò sì dá a padà, nítorí kò sí ẹni tó gé pátánì tó tún lè lẹ̀ ẹ́.

"Ìlà kan péré ni, Màmá. Ká ní mo ní kó ṣe ẹ̀dà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan."

Mi ò pẹ̀tù sí i nínú. Mo fẹ́ pẹ̀tù, ṣùgbọ́n mo ń ka iye alẹ́ tí mo ti fi ọwọ́ mi fún Bàbá ní hóró méjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò mọ èyí tí mo lè ṣe. Mo fẹ́ fún un ní ẹyọ kan. Mo rò ó pé èmi kì í ṣe dókítà, àti pé bí mo ṣe rí i tí mo sì dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́ ló kó wa sínú èyí. A tún pe dókítà. Ó ti wọ̀lú. Ọmọbìnrin náà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Dókítà ní kó tún un sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fún Bàbá ní ẹyọ kan, kí a wá ní kùtùkùtù.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ó yọ káàdì Bàbá tó fi bírò kọ. 1-1-1 ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ó ní ọ̀sán tí kò sí oògùn ló ń sọ ọ́ di igi, hóró méjì tó ń wọlé pọ̀ lálẹ́ ló ń fi àwọn òkú hàn án. Ó wo ọmọ ọmọ mi, ó ní, "Èmi náà kò tún un yẹ̀ wò." Ọmọ ọmọ mi tún ìlà oògùn náà kọ padà bó ṣe yẹ, ó sì fi ìlà ẹ̀dà kún ètò rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó kù ló gba ọ̀sán. Yàtọ̀ sí Bàbá, ènìyàn mọ́kànlá ló ti gba oògùn náà lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Ó jókòó síwájú dókítà, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ara rẹ̀: "Èmi ni mo ṣe ètò náà, ẹ má bínú." Ọ̀kan bú u. Ọ̀kan ń sunkún. Ẹni mẹ́wàá gbé fóònù.

Ọmọ mi ọkùnrin dé ní Sátidé, ó ti kó ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ti sọ fún un lórí fóònù, ó ní òun ti gbọ́, òun ṣì ń bọ̀. Ó bá mi ní pálọ̀, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, mo ti gé e tán.

"Ẹ ti gé e, Màmá. Ẹ jẹ́ ká múra, ọ̀nà jìn."

"Agogo mélòó ló lù?"

"Mẹ́rin kù díẹ̀."

"Jókòó."

A jókòó. Ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́bàá kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò tàn án. Bàbá wà ní yàrá, mo ti fún un ní ti ọ̀sán ní agogo kan. Mo ń gbọ́ aago ògiri. Agogo mẹ́rin lù, kò sí ohùn kankan. Mo wo ọwọ́ ọmọ mi lórí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ní nínú mi pé, ọjọ́ méjì kéré, kò tíì wọ̀ ọ́ lára, mo ti pẹ́ jù.

Ilẹ̀kùn yàrá dún. Bàbá jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ṣì. Ó kọlu àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló gbé àga sójú ọ̀nà? Ṣé ẹnì kan ń jókòó síbẹ̀ ni?" Ó rí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ nìyí. Ta lo fẹ́ gbé lọ tí o fi ṣí ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ mi ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ àpò. Ó dìde, ó gbé àga náà kúrò. Bàbá kọjá, ó dé ẹnu géètì. Lẹ́yìn díẹ̀ a gbọ́ ọ: "Ìwọ! Ṣé gọ́tà bàbá rẹ nìyẹn?"

Aṣọ funfun náà wà nínú àpótí. Ìwé ìròyìn ni mo fi gé e, kò wọ̀ ọ́ mọ́, ẹran ti ń padà sí èjìká rẹ̀. Pátánì rẹ̀ wà lórí ìṣó bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ẹni kọkànlá kò tíì gbé fóònù. Ìyá arúgbó kan ni. Ó gba oògùn oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì padà wá. Fóònù náà ń dún, ẹnikẹ́ni kì í gbé e. Ohun tí wọ́n kọ sí ibi àdírẹ́sì kò ju "ẹ̀yìn ọjà Ipata" lọ. Dókítà ti rán ènìyàn lọ, wọn kò rí i. Ọmọ ọmọ mi ń pè é lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́rin, bí ẹni tó ń kírun. Èmi náà ti sọ ọjà mi di Ipata. Mo ń rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn eléèlùbọ́ àti àwọn alápatà, n kì í wo ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ọwọ́ àwọn arúgbó ni mo ń wò.